Òkè Kan Ṣoṣo tó Wà l'Ékòó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti ìyálé mi jáde ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká. A ti kírun àárọ̀, a ti mu ẹ̀kọ gbígbóná, ìyálé mi sì ti yẹ inú àpò wọn wò títí ó fi sú mi. Àwọn ará ilé tó ti jí sìn wá dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé Mẹ́kà là ń lọ. Bẹ́ẹ̀ Èkó ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la ó sì padà.

Ràfíù, àkọ́bí ìyálé mi, kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ló kọjú sí.

"Ìyá Kudi, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ."

Mo ní mo rántí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ náà, nítorí òun ni mo gbé rù lọ gbé rù bọ̀, ó sì wúwo ju àpò lọ.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ wa tó ti di olóògbé. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń kó láti Apápá wá sí Ìbàdàn. Tí wọ́n bá ti dé, tí wọ́n jẹun tán, ọ̀rọ̀ òkun ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n á ní omi kan wà níbẹ̀ tí kò ní òdìkejì. Ìyálé mi á ní irọ́ ni, pé kò sí omi tí kò ní òdìkejì láyé yìí, ojú ẹni tó ń wò ó ni kò dé ibẹ̀. Ọkọ wa á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn máa mú àwa méjèèjì lọ kí a lọ fojú ara wa rí i. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìlérí yìí. Ọlọ́run kò jẹ́ kí wọ́n mú un ṣẹ.

Èmi ń ránṣọ ní Ìdí Arẹrẹ. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọdé ni mo mọ̀ jù. Ìyálé mi ní tiwọn ń kó iṣẹ́ sára fìlà títí ojú wọn fi kọ ohun tó wà nítòsí. Wọn kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jókòó síwájú ilé, wọ́n á sọ irú aṣọ tí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ọjà'ba wọ̀ kí èmi tó mọ̀ pé ènìyàn ló ń bọ̀. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti wọlé ìwé tí iṣẹ́ sì ti dín, mo ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n ní, "Ìyàwó, tí èyí tó ń rí òkèèrè yìí bá tún lọ, kí ni mo fẹ́ fi wo òkun?"

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ ètò.

Ètò yẹn dùn débi pé bí a kò bá tilẹ̀ lọ mọ́, a ti jẹ díẹ̀ nínú adùn rẹ̀. Kudi ọmọ mi bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè lórí fóònù. Mo rán tòbí tuntun fún àwa méjèèjì, mo fi síìpù sí àpò rẹ̀. A bi gbogbo ẹni tó mọ Èkó léèrè ọ̀nà, oníkálukú sì fi ìkìlọ̀ tirẹ̀ kún un. Ẹnì kan ní ká má kí ẹnikẹ́ni. Ìyálé mi ní, "Tí n kò bá kí wọn, ta ni yóò júwe ọ̀nà fún mi?" Àwa náà yan ohun tí a fẹ́ rí: òkun lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ilé àwọn Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí ọkọ wa tún máa ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ènìyàn kì í dédé gbọ̀nà lọ. A ní láti sọ fún Mọ́gàjí, olórí ilé wa. Wọ́n pe àwọn àgbà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló kú?" ni Mọ́gàjí kọ́kọ́ bèèrè.

"Kò sí ẹni tó kú, Baba."

"Ìgbéyàwó ni?"

"Rárá."

"Ẹnì kan bímọ?"

"Wòran la fẹ́ lọ wò, Baba," ni ìyálé mi wí.

Àwọn ènìyàn ilé wa ti lọ sí Èkó lọ ra ọjà, wọ́n ti lọ sin òkú, wọ́n ti lọ gbé ọmọ pọ̀n. Kò sí ẹni tó tíì lọ síbẹ̀ kó kàn wò ó kó sì padà.

Ràfíù ló kọ́kọ́ fọhùn. "Màmá mi ò ní torí omi lọ sí Èkó. Ṣé omi ni ẹ fẹ́ wò? Ògùnpa nìyẹn nísàlẹ̀."

"Ìwọ lọ wo Ògùnpa," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Láti ọjọ́ tí mo ti délé yìí ni mo ti ń wò ó. Kò fi nǹkan kan hàn mí ju kòtò lọ."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n wò.

"Ìwọ Ìyá Kudi, ìwọ lo fẹ́ mú wọn lọ. Kí lo rí sọ?"

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láwùjọ. Mo ní, "Baba, bí mo ṣe mú wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni màá mú wọn bọ̀."

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kí n tó mọ bó ṣe wúwo tó. Èmi ni ìyàwó, àwọn ni ìyálé. Tí ìyálé àti ìyàwó bá jọ lọ sí Èkó tí ìyàwó nìkan padà, láti Bẹẹrẹ dé Mápó, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ti máa sọ ọ́ fún ara wọn.

"Tí ẹ bá wá sọ ara yín nù nínú èrò ńkọ́?" ni Mọ́gàjí tún bèèrè.

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kékeré náà ni, Baba," ni ìyálé mi wí. "Ẹni tó bá sọnù, kó gòkè. Tó bá dókè, kó dúró."

Gbogbo wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní àdúgbò wa tí kò mọ òfin yìí. Tí o bá ṣìnà ní kékeré, o kò ní sunkún. O máa wá ọ̀nà tó gòkè, o máa gùn ún títí wàá fi rí gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, wàá sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń wá ọ yóò gòkè bákan náà. Báyìí ni Mọ́gàjí ṣe yọ̀ǹda wa. Bí wọ́n ti yọ̀ǹda tán ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹrù wá pé kí a bá àwọn fún ọmọ àwọn l'Ékòó. Ìyálé mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń lọ wòran kì í ru ẹrù. Ìgò òfìfo kan péré ni wọ́n gbà, èyí tí Mọ́gàjí fúnra wọn fi rán wa pé ká bá àwọn bu omi òkun.

Máíkírà la wọ̀ láti Bẹẹrẹ lọ sí Mọ́níyà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra. Awakọ̀ rẹ̀ wo ìyálé mi nínú dígí.

"Màmá, ṣé ọ̀dọ̀ ọmọ lẹ ń lọ?"

"Wòran là ń lọ wò."

"Wòran kí ni?"

"Wòran òkun."

Ó fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ láìsí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ jayé orí yín, Màmá! Ìyá tèmi ò dé Ṣàngó tó wà nítòsí yìí láti ọdún tó kọjá."

Ọkọ̀ ojú irin náà mọ́ tónítóní. Ìjókòó rẹ̀ kọjú síra, tábìlì kékeré sì wà láàárín. Nílé wa, ẹni tó bá ń jẹun gbọ́dọ̀ pe ẹni tó wà nítòsí. Nínú ọkọ̀ yìí, oníkálukú ń jẹ tirẹ̀ ní jẹ́jẹ́ pẹ̀lú wáyà létí. Ìyálé mi tú mọ́ínmọ́ín wọn, wọ́n gbé ohùn sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wá bá wa jẹun o!" Gbogbo orí yí padà. Ọmọkùnrin kan tó jókòó kọjú sí wa yọ wáyà létí, ó dúpẹ́, ó sì gba ẹyọ kan lóòótọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun ti jẹ mọ́ínmọ́ín ewé gbẹ̀yìn. Kí a tó dé Abẹ́òkúta, ó ti ń bi ìyálé mi léèrè bí wọ́n ṣe ń kó iṣẹ́ sára fìlà.

Lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Ìyálé mi kò gbé ojú kúrò lójú fèrèsé. "Ìyàwó, wò ó, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ yìí bí ẹní." Nígbà tí a wọ Agége, àwọn ilé súnmọ́ ojú irin débi pé a lè ka aṣọ tí wọ́n sá. A sọ̀kalẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Ooru ibẹ̀ kò dà bíi tiwa. Omi wà nínú rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára.

Awakọ̀ kan ní òun á gbé wa lọ sí etíkun lọ́nà Lẹ́kí, òun á dúró dè wá, òun á sì gbé wa padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó dá iye kan lé e, ó fi "kéè" parí rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń pè ní kéè níbẹ̀. Ìyálé mi ní kó yọ ìdajì kéè náà dànù kó tó bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ ná an títí ẹ̀rín fi pa awakọ̀, ó sì gbà díẹ̀ lára ohun tí wọ́n wí.

Bí a ṣe gun afárá gígùn, omi tẹ́ lọ lọ́tùn-ún lósì. Mo di ìka ìyálé mi mú.

"Ṣé òun nìyí?" ni wọ́n bèèrè.

"Ọ̀sà nìyẹn, Màmá," ni awakọ̀ wí. Omi tó wọ àárín ilẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Òkun ń bẹ níwájú."

"Mo mọ̀. Èyí ní òdìkejì. Mò ń rí igi lọ́hùn-ún."

Owó la san kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé sí etíkun. Ìyálé mi ní àwọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ló ni òkun. Lẹ́yìn náà a gun òkìtì yanrìn kan báyìí, a sì rí i.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ariwo rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀ lórí páànù gbogbo Ìbàdàn, ṣùgbọ́n òjò náà kò dé, ó kàn ń bọ̀ ni. Omi ń dìde, ó ń wó, ó ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀rín kàn ń pa mí ni. Ìyálé mi fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n tún padà wo iwájú. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ojú tó ń rí Ọjà'ba láti iwájú ilé wa ni wọ́n fi ń wá òdìkejì.

Wọ́n pẹ́ gan-an níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ọkọ wa kò purọ́," ni wọ́n wí.

Bí wọ́n ṣe ń nu ojú ni ìgbì kan dé tó bò wọ́n dé orúnkún. Wọ́n ké, mo ké, àwọn ọmọdé tó wà nítòsí pàtẹ́wọ́. Nígbà tí omi fi máa fà sẹ́yìn, ó ti mú bàtà wọn kan lọ. Ìyálé mi wo ẹsẹ̀ òfìfo, wọ́n wo òkun, wọ́n ní, "Ó dára. Ó ti gba ìṣákọ́lẹ̀." Wọ́n bọ́ èkejì sọ sí i kí ó má baà jẹ́ ẹyọ kan. A mu omi àgbọn, a bu omi òkun sínú ìgò, mo sì ra sílípáàsì pupa fún wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ló wà fún, ó sì ń lu ilẹ̀ pá-pá bí wọ́n ti ń rìn.

Awakọ̀ gbé wa padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì lọ. A wo ilé àwọn Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn padà dé láti Bùràsíìlì. Ilé wọn kò jọ tiwa tó ń fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àlejò; òkè ni ẹwà tiwọn wà. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sórí fèrèsé, ó ká lọ, ó ká bọ̀. Ìyálé mi ní, "Ẹni tó ṣe èyí ì bá ti dáa nídìí fìlà."

Lẹ́yìn èyí la bọ́ sí òpópónà ọjà. Èrò ibẹ̀ kì í dúró. Tí o bá dúró, wọ́n á gbé ọ lọ. Mo di ọwọ́ ìyálé mi mú. Ṣùgbọ́n mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ pé bọ́tìnnì nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo àwọ̀ tí aṣọ ilé ìwé lè ní. Alájàpá ọjà ló ń tà á fún wa n'Íbàdàn ní ẹyọ-ẹyọ. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyálé mi kí n lè gbé páálí kan wò. Nígbà tí mo yíjú padà, kò sí ìyálé mi.

Mo pè. Mo sáré sí ọ̀tún, mo sáré sí òsì. Mo pe fóònù wọn. Wọ́n ti pa á láti àárọ̀, kí iná rẹ̀ má baà tán kí wọ́n tó rí i lò bí wọ́n bá sọnù. Mo rí Ràfíù lójú mi. Mo gbọ́ ohùn Mọ́gàjí. Mo rí bí àwọn obìnrin Bẹẹrẹ yóò ṣe máa dákẹ́ tí mo bá ń kọjá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo rí ìyálé mi nínú èrò yẹn pẹ̀lú sílípáàsì tó ju ẹsẹ̀ wọn lọ, ẹni tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀.

Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì jáde tọ̀ mí wá. "Ẹ má sunkún, Àǹtí. Kí ni màmá wọ̀?"

"Àǹkárá aláwọ̀ ewé. Sílípáàsì pupa. Wọ́n gbé ìgò omi dání."

"Omi kí ni?"

"Omi òkun."

Ó wò mí. "Ẹ lọ sí mọ́sáláṣí tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n á bá yín kéde."

Ladáànì ibẹ̀, ẹni tó ń pe ìrun, jẹ́ àgbàlagbà jẹ́jẹ́. Ó tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní Ìyá Ràfíù láti Ìbàdàn sọnù, ẹni tó bá rí wọn kó mú wọn wá sí mọ́sáláṣí. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ta gbọ̀ọ̀rọ̀ lórí ọjà. A dúró. Kò sí ẹni tó wá. Ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ kò sì ní dúró dè wá.

"Ṣé ẹ kò jọ ní ibi tí ẹ fi àdéhùn sí?" ni ladáànì bèèrè.

"A ní in, Àlùfáà. A ní ẹni tó bá sọnù kó gòkè."

Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. "Ìyá, òkè wo ló wà n'Ísàlẹ̀ Èkó?"

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí a ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹsẹ̀ mi kò tíì gun ibi kankan àfi yanrìn etíkun. Nítorí náà ni n kò fi rò ó rárá; ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti ń wá wọn kiri. Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ibẹ̀ ni mo ti gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìparí òpópónà náà, àwọn ènìyàn ń gun àkàsọ̀ lọ sókè. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń gbà sọdá títì.

Mo sáré. Mo gun àkàsọ̀ yẹn bí mo ti ń gun ọ̀nà Mápó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ní àárín afárá, ìyálé mi jókòó lórí àpótí ẹni tó ń ta áńkáṣíìfù, ìgò omi òkun wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé wọn ni.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "níbo lo ti ń rìn kiri?"

Mo gbá ọwọ́ wọn mú.

"Mo ń wò ọ́ láti òkè yìí. Mo rí gèlè rẹ. O sáré lọ, o sáré bọ̀, bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí. Mo pè ọ́ títí, ariwo wọn ò jẹ́."

"Ìyálé mi, ẹ kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè yín lórí ẹ̀rọ?"

"Mo gbọ́. Wọ́n ní Ìyá Ràfíù sọnù. Ṣé mo sọnù ni? Kí n wá lọ jẹ́ ohun tí n kò jẹ́?" Wọ́n na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀. "Àdéhùn ni pé kí ẹni tó dókè dúró. Òkè kan ṣoṣo tó wà ní ìlú yìí rèé, ojú mi sì rí ìyà kó tó rí i."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí afárá, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Alááńkáṣíìfù fún mi ní ẹyọ kan, kò gba owó. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo rí ọ̀sà láàárín ilé méjì, ọkọ̀ ojú omi kan sì ń kọjá lọ ní jẹ́jẹ́.

A bá ọkọ̀ ojú irin náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kó fi wá sílẹ̀. Ìyálé mi sùn láti Agége. Èmi kò sùn; mo di etí aṣọ wọn mú títí a fi dé Mọ́níyà. Nígbà tí Máíkírà ń gùn bọ̀ láti Bẹẹrẹ, tí mo rí Mápó lókè bó ṣe jókòó láti ọjọ́ yìí, ó dà bí ẹni pé òun náà ti ń retí wa.

Gbogbo ilé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ràfíù wo ìyá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ dúró lórí sílípáàsì pupa. Ó yíjú sí mi.

"Ìyá Kudi, ṣé kò sí wàhálà?"

Mo la ẹnu láti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyálé mi ṣíwájú mi.

"Wàhálà wà. Ìyàwó sọnù."

"Ta ló sọnù?" ni Mọ́gàjí bèèrè.

"Ìyàwó mà ni, Baba. Èmi gòkè, mo dúró bí a ti wí. Òun ló ń rìn kiri nísàlẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́."

Ràfíù wò mí. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo ro ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

"Lóòótọ́ ni," ni mo wí.

Ẹ̀rín bú. Ràfíù náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà. Mọ́gàjí da omi òkun díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ahọ́n kàn án, ojú wọn hunjọ. Wọ́n gbé ìgò náà fún ẹni tó tẹ̀ lé wọn, báyìí ló sì ṣe yí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Tí ìwọ àti ẹnì kan bá jọ ṣe àdéhùn nílé, má ṣe sọ pé ìlú tí ẹ dé kò gbà á. Gbé ojú sókè ná. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kejì ti wà níbẹ̀, ó ń dúró dè ọ́. Èmi ni mo ṣèlérí níwájú gbogbo ilé pé bí mo ṣe mú ìyálé mi lọ ni màá mú wọn bọ̀. Àwọn kò ṣèlérí kankan fún ẹnikẹ́ni, àwọn ni wọ́n sì mú mi bọ̀.